Ọ̀wẹ̀ Àna ní Oko Sàlámì

Bí ọkùnrin kan ṣe fẹ́ ọmọ àbúrò mi ni mo fẹ́ sọ. N kò ní bù mọ́ ọn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Aliyyah lorúkọ ọmọ náà. Sàlámì, àbúrò mi, ni baba rẹ̀. Igbó-Ọrà la wà, nínú agbo ilé kan náà. Ògiri kan ló pín ilé mi àti tiwọn. Aliyyah ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní ilé ìwé jẹ́léósinmi. Ìyá rẹ̀ ń ṣe gàrí, ó sì ń gbin ẹ̀gúsí.

Irin tí ìyá rẹ̀ fi ń fún gàrí ló kán. Jórinjórin tó wà nítòsí wa ti rìnrìn àjò. Aliyyah di irin náà sẹ́yìn ọ̀kadà, ó gbé e lọ sí Èrúwà. Ibẹ̀ ló ti bá Tàófíìk pàdé.

Tàófíìk kò dàgbà lọ́dọ̀ wa. Agége ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ìgbà tí baba rẹ̀ kú ló padà sí Èrúwà, ó sì ṣí ṣọ́ọ̀bù síwájú ilé tí baba náà fi sílẹ̀. Ó ga, kò sanra, ọ̀rọ̀ kì í yá lẹ́nu rẹ̀. Ó jó irin náà pọ̀. Kò pẹ́, irin tún kán.

Aliyyah padà lọ pẹ̀lú ìbínú. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi. Ó ní òun bú u láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù títí dé ìdí àga tó jókòó lé, ọmọ Agége, ayédèrú jórinjórin. Tàófíìk gba irin, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Ó ní ojú ibi tí òun jó kò kán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló kán, nítorí irin náà ti gbó. Ó ní òun yóò pààrọ̀ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, pé ó yẹ kí òun ti rí i nígbà àkọ́kọ́.

"Bàbá, mo ti múra ìjà," Aliyyah wí. "Mi ò rí ẹni bá jà."

Mo bi í pé ṣé ìyẹn ló dùn ún.

"Ó dùn mí títí mo fi délé. Ìgbà tí ilẹ̀ máa fi mọ́, ó ti ń dùn mọ́ mi."

Láti ìgbà náà ni irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í kán nílé wọn. Irin ojú fèrèsé kán. Ẹsẹ̀ àga yọ. Ìyá rẹ̀ ní àfi bíi pé iwin ti wọ ilé. Mo mọ iwin náà. Ó ń kun àtíkè kó tó lọ sí Èrúwà.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí Tàófíìk tó wá bá mi. Ó dọ̀bálẹ̀, kò tètè dìde. Ó ní òun fẹ́ kí n ṣe alárinà òun. Mo béèrè ìdí tó fi jẹ́ èmi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé èmi nìkan ni Sàlámì ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti bù mọ́ ọn.

Ọwọ́ Sàlámì máa ń ṣáájú ẹnu rẹ̀. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀. Ó bá ọ̀kadà kan nígbà kan lórí ẹ̀gẹ́ tó sá sílẹ̀, ó sì fi àdá gún táyà rẹ̀ méjèèjì kó tó béèrè ẹni tó ni ín. Ọ̀kadà Lèmọ́mù ni.

Mo gbé ọ̀rọ̀ Tàófíìk dé iwájú Sàlámì lẹ́yìn ìrun Àsárì, nígbà tí ọkàn rẹ̀ máa ń rọ̀. Kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní ọmọ Agége mọ iná, kò mọ ilẹ̀, kí ni ó fẹ́ fi bọ́ ọmọ òun. Mo ní ènìyàn ń fi iṣẹ́ iná jẹun. Ó ní kí n má bá òun jiyàn. Nígbà tó ṣe, ó ní òun ṣe ọ̀wẹ̀ fún baba ìyàwó òun kí wọ́n tó fún òun níyàwó.

"Kó kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá sí oko mi," ó wí. "Tí oko bá mọ́, kó wá bá mi sọ̀rọ̀. Tí kò bá mọ́, kó má jẹ́ kí n rí i mọ́ láéláé."

Wọn kì í ṣe ọ̀wẹ̀ àna mọ́ lọ́dọ̀ wa. Àwọn tó gbọ́ rẹ́rìn-ín. Aliyyah kò rẹ́rìn-ín. Ó mọ̀ pé baba òun kì í yẹ ohùn. Ó ní kí n bá òun bẹ̀ ẹ́ kó béèrè nǹkan mìíràn. Tàófíìk ní kí n má bẹ̀ ẹ́. Ó ní ohun tí baba náà béèrè tọ́.

Wọ́n wá lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí òjò ti fìdí múlẹ̀. Àwọn jórinjórin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, àti Japheth, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtàtà láti Agége. Wọn kò mú ọkọ́ wá. Pọ́ǹpù ni wọ́n gbé kọ́ ẹ̀yìn, pẹ̀lú oògùn koríko, èyí tó máa ń pa ewé yòówù tó bá kàn. Tàófíìk ti gé páànù, ó ti ká a bí agolo tó ṣí lápá kan, kó lè máa fi bo ìdí ẹ̀gẹ́ kọ̀ọ̀kan bí àwọn yòókù bá ti ń fín in.

Àna kì í dúró lórí ẹni tó ń ṣe ọ̀wẹ̀ fún un. Ẹnu ọ̀nà oko ni Sàlámì mọ. Ó nawọ́ hàn wọ́n, láti ìdí igi igbá títí dé etí odò.

"Koríko ni kí ẹ pa," ó wí fún wọn. "Ewé kan ò gbọdọ̀ rọ lára ẹ̀gẹ́ mi."

Ó yí padà, ó wá sílé.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, wọ́n dé. Gbogbo ara wọn ló ń rùn fún oògùn. Ìyá Aliyyah gún iyán fún wọn, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Sàlámì béèrè ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Tàófíìk ní kò sí èyí tó fara kàn. Sàlámì mi orí pé ó dára. Ìyẹn pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Aliyyah ń ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wo wọ́n, ayọ̀ sì hàn lójú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Tàófíìk nìkan padà sí oko láti wo iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya fọ́tò, ó fi ránṣẹ́ sí Aliyyah lórí wásáàpù. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ rẹ̀ pé kó sọ fún baba rẹ̀ pé oko ti mọ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi ni Aliyyah jókòó sí nígbà tó rí i. Èémí rẹ̀ dúró. Mo rò pé ẹnìkan ló kú. Ó na fóònù sí mi.

Mo wò ó. Mo rí ẹ̀gẹ́, ó dúró, ó tutù yọ̀yọ̀. Lábẹ́ rẹ̀, gbogbo ilẹ̀ ti pọ́n bíi tábà. Ìtàkùn ti ká jọ, ewé ti gbẹ lára rẹ̀, láti iwájú títí dé ibi tí fọ́tò mọ.

Ẹ̀gúsí ìyá rẹ̀ ni.

Nínú oko wa, ohun tó dúró ni ti ọkọ. Ohun tó ń fà nílẹ̀ ni ti ìyàwó. Abẹ́ ẹ̀gẹ́ ọkọ ni ìyàwó ń gbin ẹ̀gúsí sí. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún ẹnìkan, nítorí kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n. Sàlámì kò dárúkọ ẹ̀gúsí fún wọn. Ta ni yóò sọ fún ènìyàn pé kó má tẹ ọmọ tó ń sùn mọ́lẹ̀?

Aliyyah pe Tàófíìk. Ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́.

"Kí lẹ fín oògùn sí?"

"Koríko." Ayọ̀ wà nínú ohùn rẹ̀. "Ṣé o rí i bó ṣe mọ́?"

"Èyí tó ń fà nílẹ̀ ńkọ́, tí ewé rẹ̀ fẹ̀?"

"Òun ló pọ̀ jù níbẹ̀. Òun ló fún wa níṣẹ́ jù."

Aliyyah di ojú. "Ẹ̀gúsí ìyá mi ni."

Mo rò pé fóònù ti já.

"Ẹ̀gúsí," ó wí nígbẹ̀yìn. "Èyí tí a ń jẹ?"

Ó pa fóònù. Nígbà tí Aliyyah tún pè é, kò wọlé mọ́. Kò wọlé títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ara Aliyyah kò balẹ̀. Ó ní òun yóò pa fọ́tò náà rẹ́. Ó ní a lè sọ pé kòkòrò ló jẹ ẹ́, tàbí pé màlúù àwọn Fúlàní ló tẹ̀ ẹ́. Mo ní kó lọ mu omi. Ó lọ, ó mu ún, ó padà wá jókòó.

"Wọ́n á mú Fúlàní aláìṣẹ̀," ó wí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Kò pa fọ́tò náà rẹ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyá rẹ̀ gbé agbọ̀n, ó lọ sí oko. Kò mọ nǹkan kan. Aliyyah ń wò ó lọ, kò lè pè é padà, kò lè tẹ̀lé e. Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni Tàófíìk yọ sí mi, ó gbé báàgì kọ́ èjìká. Ojú rẹ̀ ti wọ inú.

Ó ní Japheth ló gba òun nímọ̀ràn pé kí òun padà sí Agége títí ọ̀rọ̀ náà yóò fi tutù, pé àwọn ará oko kò mọ eré. Ó ní òun ti lọ sí gáréèjì Èrúwà, òun ti wọ bọ́ọ̀sì, òun ti jókòó. Bọ́ọ̀sì ti kún. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ti ń dún.

Mo bi í pé kí ló wá mú un sọ̀.

Ó wo ilẹ̀. "Àyà mi ń lù, Bàbá, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Mo wá bi ara mi pé kí ni mò ń sá fún. Mi ò rí ìdáhùn. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀ kí n lè rò ó dáadáa."

Mo mú ọ̀pá mi. Mo ní kó tẹ̀lé mi, nítorí tí Sàlámì bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀, ọ̀rọ̀ á ju agbára mi lọ.

Sàlámì wà ní àgbàlá. Ó ń pọ́n àdá.

Tàófíìk rí àdá náà. Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró díẹ̀, ó sì tún ń lọ. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú rẹ̀, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Bàbá, mo ti pa ẹ̀gúsí Màmá," ó wí. "Gbogbo rẹ̀. Mo rò pé koríko ni."

Sàlámì wò ó. Ó wò mí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì wọ̀ ọ́ létí. Ibẹ̀ la wà tí ìyàwó rẹ̀ fi ti oko dé. Agbọ̀n wà lórí rẹ̀, ìtàkùn gbígbẹ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sunkún. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó rí ọkùnrin tó nà gbalaja nílẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀.

Sàlámì dìde, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ti darúgbó. N kò lè dì í mú. Aliyyah yọ sẹ́nu ọ̀nà, ó sì dúró gan-an bí òpó. Tàófíìk kò gbé orí sókè, kò sì fi ọwọ́ bo orí. Mo rí ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀.

Ọwọ́ Sàlámì ń gbọ̀n. Mo mọ ọwọ́ náà láti kékeré. N kò rí i kó gbọ̀n rí. Tó bá fẹ́ lu nǹkan, ó ti lù ú.

"Ẹ̀gbọ́n," ó wí, kò wo ojú mi. "Ẹ gba àdá yìí lọ́wọ́ mi."

Mo gbà á.

Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, nínú eruku. Ìyàwó rẹ̀ wò ó bí ẹni tó rí òkú. Kò rí irú rẹ̀ rí láti ìgbà tó ti fẹ́ ẹ. Èmi náà kò rí i rí.

Sàlámì béèrè lọ́wọ́ Tàófíìk pé ta ló rán an wá. Tàófíìk ní kò sẹ́ni tó rán òun.

"O mọ̀ pé mò ń pọ́n àdá?"

"Mo ti ń gbọ́ ìró rẹ̀ láti ojú títì."

Sàlámì kọjú sí ìyàwó rẹ̀, ó bi í léèrè ẹ̀gẹ́. Ìyá Aliyyah ní ewé kan kò rọ lára ẹ̀gẹ́. Sàlámì ní ohun tí òun sọ ni ọmọ náà ṣe, òun kò dárúkọ ẹ̀gúsí.

"Tèmi lẹ̀gúsí," ìyàwó rẹ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì le. "Èmi ló pa lára. Yóò gbìn ín padà nígbà òjò kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò fi gbìn ín, ojú mi ni yóò ṣe. Tó bá tún pe ewé kan ní koríko, màá fún un jẹ ní tútù."

Sàlámì ní ó dára bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí.

"Dìde nílẹ̀," ó wí. "Mo ti fún ọ lọ́mọ."

Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kí ìtàkùn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Aliyyah fi ọwọ́ di ẹnu. Mo rò pé ó parí. Mo ti ń wá àga tí n ó jókòó lé.

Tàófíìk kò dìde. Ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan. Mo wúkọ́, kó lè yé e pé kó pa ẹnu rẹ̀ dé. Kò yé e. Ó sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì fún wọn, bó ṣe wọ̀ ọ́, bó ṣe jókòó, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń dún. Ó ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fún ẹni tí wọn kò mọ̀ lọ́mọ.

Sàlámì ní òun gbọ́, kò yí ohùn òun padà.

Ojú Aliyyah ló yí padà. Ó wo Tàófíìk, ó wo báàgì tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wọlé. A gbọ́ nígbà tó ti ilẹ̀kùn.

Báyìí ni baba gbà, tí ọmọ kò gbà.

Èmi ni alárinà, mo lọ bá a. Ó sunkún títí ó fi tó o. Ó ní òun rò pé ọkùnrin yìí kì í sá. Ó ní ìyẹn gan-an lòun ṣe fẹ́ràn rẹ̀. Ìgbà tí òun ń pe fóònù rẹ̀, ó ti ń di báàgì.

Mo ní kí ni kí n sọ fún un.

"Ẹ ní kó fún mi láyè," ó wí. "Ohun tó wà lẹ́nu mi báyìí ni rárá. Ìbínú ló ni ín. Tí mo bá dúró díẹ̀, àánú rẹ̀ á ṣe mí, màá ní bẹ́ẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kí ìkankan nínú méjèèjì bá mi dáhùn."

Mo jíṣẹ́ náà bó ṣe sọ ọ́. Tàófíìk ní òun gbọ́. Kò bẹ̀ mí kí n bá òun bẹ̀ ẹ́.

Oṣù méjì kọjá. Òjò kejì dé. Tàófíìk ń wá láti Èrúwà ní gbogbo Sátidé, ó ń bá ìyá Aliyyah lọ sí oko. Ìyá náà kò fi ojúure hàn án níbẹ̀rẹ̀. Ó ń pè é ní Ọ̀gá Apẹ̀gúsí níwájú àwọn obìnrin tó ń kọjá. Tàófíìk ń jẹ́ ẹ. Tó bá ń lọ, tó bá ń bọ̀, ó ń kí Aliyyah bí ó ti yẹ kí a kí ènìyàn, kò dúró sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ dídùn ránṣẹ́ sí i lórí fóònù. Mo ṣiyèméjì. Mo ní lọ́kàn mi pé ó yẹ kó máa bẹ̀bẹ̀. Mo tún ní bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́.

Sàlámì tó ń sọ pé ọmọ Agége kò mọ ilẹ̀ ni kò tún sinmi mọ́. Ó ń yọjú sí mi láràárọ̀, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti sọ̀rọ̀?" Mo ní rárá. Ó lè pàṣẹ fún ọmọ rẹ̀. Kò pàṣẹ. Ó ń rù nítorí rẹ̀.

Lọ́jọ́ Sátidé kan, Aliyyah wá bá mi. Ó ní kí n sin òun dé oko, pé òun fẹ́ ẹlẹ́rìí.

A bá wọn nínú oko. Tàófíìk bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fi ọwọ́ tu koríko kúrò lára ẹ̀gúsí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ ìtàkùn. Ìyá Aliyyah wà níwájú rẹ̀. Aliyyah dúró sí ẹ̀bá rẹ̀. Kò kí i.

"Ìgbà tí ẹ wọ bọ́ọ̀sì yẹn," ó wí, "ṣé ẹ ro tèmi?"

Tàófíìk nàró. Mo mọ èsì tí ọkùnrin ń fún obìnrin sí irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mo ti fún ìyàwó mi ní ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀.

"Rárá," ó wí. "Ara mi nìkan ni mo rò."

Aliyyah fà sẹ́yìn bí ẹni tí wọ́n gbá létí. Ìyá rẹ̀ dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Mo ní ó ti tán.

Aliyyah kò lọ. Ó dúró síbẹ̀.

"Tí irú rẹ̀ bá tún dé ńkọ́?"

"Ẹ̀rù á tún bà mí," Tàófíìk dáhùn. "Ẹsẹ̀ mi á tún fẹ́ sá. Mi ò lè ṣèlérí pé kò ní fẹ́ sá. Màá kọ́kọ́ jókòó ná, kí n tó dá a lóhùn."

Aliyyah wo ojú rẹ̀ títí. Ó nu ojú ara rẹ̀ pẹ̀lú etí ìborùn rẹ̀.

"Ẹ̀rù ń ba èmi náà," ó wí. "Ó ti ń bà mí láti ọjọ́ yẹn. Mo ti jókòó tì í, mo ti dúró dè é, kò lọ." Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Màá fẹ́ yín pẹ̀lú ẹ̀rù náà."

Tàófíìk jókòó sáàárín ebè.

Ìyá Aliyyah wò wọ́n, ó wò mí. Ó ní ṣé ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí àwọn ọmọ ayé ìsinsìnyí ń sọ fún ara wọn nìyẹn.

Mo ti ń lọ sọ fún Sàlámì.